Àwọn Òdòdó Àkọ́rọ̀ Òjò: Gbígbìn àti Ìtọ́jú Wọn ní Lekki àti Ajah

Láti ìparí oṣù Èrèlé títí wọ oṣù Igbe, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti kan ilẹ̀, àwọn òdòdó kan máa ń yọ nínú ọgbà ní Lekki àti Ajah láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn wọ́n. Inú iṣu tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń jáde. Àwọn ni àròkọ yìí fẹ́ ṣàpèjúwe: bí iṣu wọn ṣe rí, irú tó bá ilẹ̀ wa mu, ibi tí wọ́n ti wá, bí a ṣe ń gbìn wọ́n, bí a ṣe ń tọ́jú wọn yí ọdún ká, àti àǹfààní tó wà lára wọn. Òdòdó oníṣu kì í béèrè iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Ohun tó ń béèrè ni pé kí onítọ̀hún mọ ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, kó sì bọ̀wọ̀ fún ìgbà ìsinmi rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣu òdòdó jẹ́. Kì í ṣe gbòǹgbò, kì í sì í ṣe èso. Bí a bá fi ọ̀bẹ là á sí méjì lóòró, a ó rí i pé ó rí bí àlùbọ́sà: awẹ́ tó nípọn, tó kún fún omi àti oúnjẹ, ló dì mọ́ ara wọn ní ìpele-ìpele lórí ìdí pẹlẹbẹ kan tó le. Abẹ́ ìdí pẹlẹbẹ yìí ni gbòǹgbò ti ń yọ, àárín gbùngbùn awẹ́ wọ̀nyí sì ni ọmọ ewé àti ọmọ òdòdó tọdún tó ń bọ̀ máa ń wà. Nígbà òjò, ewé tó wà lókè ń gba oòrùn, ó ń fi ṣe oúnjẹ, ó sì ń fi oúnjẹ náà ránṣẹ́ sísàlẹ̀ kí iṣu lè tọ́jú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ọ̀pọ̀ nínú wọn a rọ, iṣu a sì sinmi. Nígbà tí omi òjò bá tún kàn án lára, oúnjẹ tó ti kó pamọ́ ni yóò fi gbé òdòdó jáde. Òdòdó tí a bá rí lọ́dún yìí, iṣẹ́ ewé ọdún tó kọjá ni.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òtútù ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe nílẹ̀ wa. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù mọ tulip àti daffodil, tó máa ń bo ọgbà ìgbafẹ́ ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ sí oṣù Bélú ni wọ́n ti ń rì wọ́n sílẹ̀, kí òtútù ọ̀gìnnìtìn lè mú wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tulip tí kò bá rí òtútù yìí kì í tanná bó ṣe yẹ. Ọyẹ́ Èkó, bó ti wù kó mú tó, kò lè sọ ilẹ̀ di tútù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kó iṣu tulip bọ̀ láti òkè òkun tó sì rì í sí Ajah, bóyá ló fi máa rí ju ewé díẹ̀ lọ kí iṣu náà tó jẹrà. Nítorí náà, àwọn tí òjò ń jí ló yẹ kí a yàn. Márùn-ún nínú wọn ni a ó ṣàpèjúwe.

Èkíní ni Scadoxus multiflorus, ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó àti ọ̀dàn láti Senegal títí dé gúúsù Áfíríkà. Ọ̀pá òdòdó rẹ̀ sábà máa ń ṣáájú ewé jáde, tàbí kí wọ́n jọ jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó yóò rí àmì pupa wínníwínní ní ìdí ọ̀pá náà. Lórí ọ̀pá yìí ni àwọn òdòdó kéékèèké, tí wọ́n lè tó 200, ti ń ṣù jọ di ìṣù rogodo pupa kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ní awẹ́ mẹ́fà tó tín-ín-rín, ó sì ní okùn mẹ́fà tó yọ síta, tí ìyẹ̀fun àwọ̀ ìyeyè wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹwà yìí ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lẹ́yìn náà ni ewé gbòòrò yóò gba ipò rẹ̀.

Èkejì ni Crinum jagus, tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Inú igbó tútù, etí odò àti ojú irà ni ilé rẹ̀. Iṣu rẹ̀ tóbi, ewé rẹ̀ gùn, ó sì fẹ̀. Òdòdó rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, òórùn dídùn rẹ̀ sì ń le sí i bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó bá àwọn àgbàlá tó sún mọ́ ọ̀sà mu, níbi tí omi ti máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ nígbà òjò.

Ẹ̀kẹta ni Hippeastrum, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tó sì ti wọ́pọ̀ nínú àgbàlá ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pá rẹ̀ ní ihò nínú, òdòdó ńlá méjì sí mẹ́rin ló sì máa ń wà lórí rẹ̀. Èyí tí a sábà ń rí pupa rúsúrúsú, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣí sí funfun tàbí àwọ̀ ewé nínú ọ̀fun. Ẹ̀kẹrin ni Hymenocallis littoralis, tó wá láti etí òkun Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà àti àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Funfun báláú ni. Awẹ́ mẹ́fà rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì gùn, awọ fẹ́lẹ́ kan sì so àwọn okùn àárín rẹ̀ pọ̀ di ife kékeré. Ewé rẹ̀ kì í rọ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń fara da yanrìn àti atẹ́gùn oníyọ̀. Ìkarùn-ún ni Zephyranthes, tó kéré jù nínú wọn, tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí koríko. Irú kan funfun, òmíràn pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo ebè rẹ̀ yóò tanná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn àwọn òdòdó wọ̀nyí jẹ́ ìtàn ìrìn àjò. Yorùbá ti ń gbin ewéko yí ilé ká láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ewéko ń ṣe ló ń sọ ọ́ di ohun tí a gbìn. Peregún ni a fi ń pààlà ilẹ̀, ewé akòko ni a fi ń jẹ oyè, ọ̀dúndún àti rinrin sì wà nítòsí fún oògùn àti ètùtù. Ọgbà tó wà fún ìwòran nìkan gbilẹ̀ nígbà ìjọba amúnisìn. Ní ọdún 1887, Gómìnà Èkó, Alfred Moloney, dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ́nù. Ohun ọ̀gbìn tó ń mówó wọlé ló jẹ ẹ́ lógún jù, ṣùgbọ́n irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà lára ọ̀nà tí ewéko òkèèrè fi ń ti ìlú kan dé òmíràn. Hippeastrum náà rìn jìnnà. Ní ọdún 1799, oníṣẹ́ aago kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Arthur Johnson, fi irú méjì rẹ̀ mú ọmọ tuntun jáde. Látìgbà náà ni àwọn olùtọ́jú ọgbà ti ń mú àwọ̀ tuntun jáde lára rẹ̀. Nílẹ̀ wa lónìí, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀gbìn NIHORT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988, wà lára ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ọgbà.

Lẹ́yìn irú òdòdó, ilẹ̀ ni ó kàn. Ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín Òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà ni Lekki, yanrìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí kí ilé tó bò ó, kó lọ wo Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Àyè rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, irà àti ọ̀dàn ṣì wà níbẹ̀. Láti Ikate títí dé Ajah, Badore àti Sangotedo, ọ̀pọ̀ ilé ló wà lórí irà tí wọ́n fi yanrìn kún. Ìṣòro irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni. Yanrìn kì í di oúnjẹ mú, bí òjò bá ti rọ̀ ni yóò ṣàn án lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè, nígbà tí òjò oṣù Òkúdù bá sì le, omi lè dúró lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun, ó sì máa ń wà nínú omi bọ́hóòlù ní àwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n yanrìn ní oore tirẹ̀: omi tètè ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí sì dára fún iṣu, nítorí pé omi àdágún ló ń pa iṣu jù.

Bí a bá mọ ilẹ̀, yíyan iṣu rere ni iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Láti oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Èrèlé, tí iṣu ń sinmi, ló dára jù láti rà á. Àwọn olódòdó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n to òdòdó sínú ọ̀rá dúdú àti ìkòkò. Kí olùrà má ṣe wo ewé nìkan. Kó gbé iṣu sọ́wọ́, kó wò ó bóyá ó wúwo. Kó yí i padà, kó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí pẹlẹbẹ tí gbòǹgbò ti ń jáde. Bí ibẹ̀ bá le gírígírí, iṣu náà yè kooro. Bí àtàǹpàkò bá rì wọlé, tàbí tí òórùn kíkan ń jáde níbẹ̀, ìjẹrà ti wọ̀ ọ́, kò sì ní í pẹ́ bàjẹ́ tán. Iṣu tó tóbi ló sábà máa ń tanná lọ́dún àkọ́kọ́, èyí tó kéré lè lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lórí ewé kó tó tanná.

Gbígbìn bẹ̀rẹ̀ láti orí ebè. Nílẹ̀ Lekki, ó dára kí ebè ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, kí omi òjò oṣù Òkúdù má baà bo iṣu. A ó po garawa ilẹ̀dú méjì mọ́ garawa yanrìn kan àti ìdajì garawa ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà tán. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò dára, nítorí pé ó ń gbóná, ó sì ń jó gbòǹgbò. Bí yanrìn náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti inú ọ̀sà, ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan fọ iyọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbin nǹkan sí i.

Bí iṣu ṣe máa rì tó yàtọ̀ láti orí irú kan sí èkejì. Ọrùn Scadoxus àti ti Crinum gbọ́dọ̀ wà ní ojú ilẹ̀ gẹ́lẹ́. Hippeastrum fẹ́ kí ọrùn òun àti èjìká òun yọ sókè ilẹ̀. Hymenocallis lè rì wọlé tán, kí ọrùn rẹ̀ fi díẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Zephyranthes fẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún lábẹ́ ilẹ̀. Àyè àárín wọn náà ṣe pàtàkì: Crinum nílò sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, Hippeastrum àti Scadoxus nílò nǹkan bíi 25 sí 30, Zephyranthes sì nílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Scadoxus fẹ́ ibòji díẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Hymenocallis àti Zephyranthes ń fẹ́ oòrùn gan-an. Ẹni tó ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní ilẹ̀ lè lo ìkòkò, bí ihò bá ṣáà ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn gbígbìn, ìtọ́jú ń tẹ̀ lé òjò. Nígbà tí a bá gbìn ín tán, a ó bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan, a ó sì dúró títí ọmọ ewé tàbí ọ̀pá òdòdó yóò fi yọ. Láti oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Ọ̀wàrà, òjò ló máa ń bomi rin ín jù, àwa yóò kàn fi omi kún un ní ìsinmi òjò inú oṣù Ògún bí ilẹ̀ bá gbẹ. Bí òdòdó bá ti rọ, kí a gé ọ̀pá rẹ̀, kí iṣu má baà fi agbára rẹ̀ ṣe èso, àfi tí a bá fẹ́ irúgbìn. Ṣùgbọ́n kí a má fọwọ́ kan ewé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ́sítéètì ni pé ẹni tó ń gé koríko máa ń gé ewé tútù pọ̀ mọ́ ọn nítorí pé òdòdó ti lọ. Ẹni tó bá gé ewé lóṣù Òkúdù ti gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀.

Àkókò ewé yìí náà ni àkókò oúnjẹ. Ẹ lè wọ́n ajílẹ̀ NPK 15-15-15 yí ìdí rẹ̀ ká ní ìwọ̀n díẹ̀, lóṣù Èbìbí àti lóṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, láìjẹ́ kó kan iṣu. Eérú igi díẹ̀ náà dára, nítorí pé ó ní èròjà tó ń mú iṣu lágbára. Ajílẹ̀ tó ń mú ewé dàgbà nìkan, bó bá pọ̀ jù, ewé ni yóò fún wa dípò òdòdó. Láti oṣù Bélú, bí ewé Scadoxus àti ti Hippeastrum bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí a dín omi kù títí a ó fi dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìkòkò tó ní wọn nínú, kí a gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewé gbígbẹ tàbí háhá àgbọn ni kí a fi bo ojú ebè, kí oòrùn ọyẹ́ má baà jó iṣu. Hymenocallis àti Crinum, tí ewé wọn ń dúró, ni kí a máa bomi rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀tá wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ wọ́n. Èyí tó burú jù ni kòkòrò Brithys crini, tó dúdú, tí ilà àti àmì funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀. Ó máa ń jẹ ewé Crinum àti Scadoxus láti inú, yóò sì gbẹ́ ihò sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi dé inú iṣu. Kí a máa yẹ abẹ́ ewé wò láàárọ̀, kí a ṣa wọ́n, kí a sì gé ewé tí wọ́n ti wọ̀. Omi ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́ ń ṣèrànwọ́ bí a bá tètè fọ́n ọn. Àrùn kan tún wà tó máa ń mú kí àpá pupa yọ lára ewé àti ọ̀pá Hippeastrum. Ewé tó bá mú ni kí a gé sọnù, kí a sì yéé da omi sórí ewé nírọ̀lẹ́. Ìjẹrà ìdí kò ní oògùn tó ju kí ebè ga lọ.

Òdòdó oníṣu máa ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ìyá iṣu yóò ti bí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí òdòdó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nítorí pé wọ́n ti há mọ́ra, kí a fi ṣọ́bìrì wú wọn nígbà ìsinmi, kí a ya ọmọ kúrò lára ìyá pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, kí a sì tún wọn gbìn. Ojúlé kan lè tipa bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àdúgbò ní iṣu láìná kọ́bọ̀.

Àǹfààní wọn ju ẹwà lọ. Gbòǹgbò wọn ń di yanrìn mú ní etí ọ̀nà àti ẹ̀bá gọ́tà. Omi díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí sì dára níbi tí omi bọ́hóòlù ti ní iyọ̀. Àwọn olódòdó ń fi wọ́n gbọ́ bùkátà ilé. Wọ́n sì wúlò fún ìṣègùn: láti inú ẹbí àwọn òdòdó wọ̀nyí ni a ti rí galantamine, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Bulgaria sọ di oògùn láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ní ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń bá jà.

Èyí kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa se iṣu wọn mu nílé. Èròjà lycorine tó wà nínú wọn ń fa èébì àti ìnira inú, ó sì lè ṣe ọmọdé, ajá àti ewúrẹ́ léṣe. Nítorí pé iṣu náà jọ àlùbọ́sà, kò yẹ kó dé ilé ìdáná rárá. Kí a kọ orúkọ sára àpò tí a kó o sí, kí a gbé e sókè, kí a sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè fi Hymenocallis àti Zephyranthes ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọn kì í yọni lẹ́nu. Lẹ́yìn ọdún kan, kó fi Scadoxus kún un níbi tí ibòji bá wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ́sítéètì ní Lekki àti Ajah lè lò wọ́n láti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá, torí pé ohun tí ọmọ bá tọ́jú lọ́dún yìí ni yóò fojú rí èrè rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ebè tó ga, oúnjẹ tó tó, ewé tí a kò gé, àti ìsinmi tí a kò dá láàmú: ẹni tó bá mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí ṣẹ, òdòdó rẹ̀ kò ní í ṣàìjáde nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá tún dé.